Ìpàdé Ẹ̀yìn Odi: Iṣẹ́ Akọ̀wé Kí Àwọn Olórí Tó Wọ Mọ́tò

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àti àwọn ọmọbìnrin tó ń bá Ìyálọ́jà ṣe ìwé.

Bí àwọn olórí bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, kì í ṣeé ṣe nínú ọjà. Oníbàárà ń pè, ìjà ń ṣẹlẹ̀ nídìí àtẹ. Ìdí nìyẹn tí à ń fi kó wọn lọ sí ìlú mìíràn fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n owó tí aláta àti ẹlẹ́lùbọ́ dá ni a fi ń lọ.

Àwa náà ti ṣe é tó bàjẹ́ rí. A mú ọjọ́ láìka ọjà, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà ńlá. Ìdajì àwọn olórí kò wá. Àwọn tó wá jẹun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà. Ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí, tí a torí ẹ̀ lọ, kò lójútùú. Nígbà tí òjò dé, omi wọ ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Wọ́n bi wá pé, "Kí lẹ lọ ṣe gan-an?" A ò rí èsì fọ̀. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ nìyí.

1. Béèrè ìdí ìrìn àjò. Bi Ìyálọ́jà pé: "Mà, ọ̀rọ̀ wo ló gbọ́dọ̀ parí ká tó padà sílé?" Kọ ọ́ sílẹ̀. Kó má ju mẹ́ta lọ. Bí kò bá sí ọ̀kan, ẹ jókòó sílé.

2. Ka ọjọ́ dáadáa. Ọjà ọrọọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ rìn. Bó bá bọ́ sí Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú. Fi bírò yí gbogbo rẹ̀ po lórí kàlẹ́ńdà. Wo ààwẹ̀ Ràmàdáànì àti ìrun Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá máa gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ yẹra fún Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ fún ìsìn òru ní ibùdó ìjọ Rídíìmù máa ń pọ̀.

3. Fi ojú ara rẹ rí ibẹ̀. Má gba ọ̀rọ̀ orí fóònù gbọ́. Ṣí ẹ̀rọ omi wò. Béèrè ẹni tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn, yàrá ìsàlẹ̀ ni kí o gbà fún wọn. Fọgbọ́n béèrè ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí olóúnjẹ lè mọ̀.

4. Kọ owó sílẹ̀ kó tó jáde. Mọ́tò, yàrá, oúnjẹ, omi: kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún ohun tí a kò rò. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ ₦600,000, ẹ ya ₦60,000 sọ́tọ̀. Gba rìsíìtì. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ọwọ́ akápò ni kó padà sí.

5. To ọ̀rọ̀ sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó le, àárọ̀ ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó, oorun ló kù. Bẹ Ìyálọ́jà kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí àgbà bá ti là á sílẹ̀, ta ni yóò tún yẹnu? Ó sì lè jẹ́ ọmọdé àárín wọn ló mọ ibi tí gọ́tà ti dí.

6. Kà á sí wọn létí kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Kọ ohun mẹ́ta sí ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: kí la fẹnu kò sí, ta ni yóò ṣe é, ọjọ́ wo ni yóò parí? Ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ kó dáhùn "mo gbọ́" níwájú gbogbo wọn.

Nígbà tí a tún lọ, a tẹ̀ lé ìlànà yìí. A ti kó gọ́tà kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé yín: Ìrìn àjò tí àwọn olórí yín lọ kẹ́yìn, kí ló ti ibẹ̀ wá? Ẹ ní kí akọ̀wé ṣí ìwé wò.

Ọjà á tà o.