Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè

Àwọn ọ̀nà kan wà tí wọ́n gùn tó bẹ́ẹ̀ tí arìnrìn-àjò yóò sùn, tí yóò jí, tí yóò tún sùn kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀nà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò sí lára wọn. Láti Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, dé Ìdànrè kò ju nǹkan bí kìlómítà 24 lọ, èyí tí í ṣe máìlì 15. Bí ìyálé ilé bá gbé ìkòkò ẹ̀wà ka iná nígbà tí ọkọ̀ ń kúrò ní Àkúrẹ́, èrò lè ti sọ̀ ní Ìdànrè kí ẹ̀wà náà tó rọ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀nà kúkúrú yìí ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ nínú.

Bí a bá ti fi ìgboro Àkúrẹ́ sílẹ̀, oko àti igbó ni a óò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Igi kòkó pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé àgbẹ̀ kòkó pàtàkì ni àwọn ará Ìdànrè. Láìpẹ́, àpáta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí lókè igi, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Nígbà tí a bá fi máa gba Aládé kọjá dé Odòde, òkè yóò ti yí wa ká. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, orí wọn pá, ara wọn ń dán bí òjò bá rọ̀ sí wọn. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ọjọ́ orí àwọn òkúta wọ̀nyí ju mílíọ̀nù lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ. Ọ̀nà kò lè la àárín wọn kọjá. Ẹsẹ̀ wọn ni ó ń gbà, tí ó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò.

Ní ọdún kan, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo òkè náà. Nígbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn tí a fi ń gòkè, èyí tí iye rẹ̀ lé ní 600, ọmọkùnrin kan wo òkè, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Sà, èéṣe tí wọn kò fi la ọ̀nà mọ́tò dé orí òkè?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọlọgbọ́n ni.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ orí òkè náà dó kò fẹ́ kí ọ̀nà ó rọrùn. Ìtàn wọn sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ní ayé ogun, ẹni tí ń gbé orí àpáta ní odi tí ẹnikẹ́ni kò lè wó. Orí òkè ni ààfin Ọwá wà, ibẹ̀ ni kóòtù wà, ilé-ìwé pàápàá sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ìwé dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, odi di ẹrù. Kòkó ń wúwo, ọjà ń bẹ nísàlẹ̀, mọ́tò kò sì lè gun àtẹ̀gùn. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ará Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà lónìí.

Baba tí ó ń tọ́ wa sọ́nà lọ́jọ́ náà sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá tó bí bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, àwọn kan ń yọ̀, àwọn kan ń sunkún. Àwọn tí ń ru ẹrù gòkè lójoojúmọ́ ni ó ń yọ̀. Àwọn tí wọ́n ti sin òkú sí orí òkè ni ó ń sunkún."

Òkè náà kò di ohun ìgbàgbé. Wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún Orósùn. Ní 1967, Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé ewì kan jáde tí ó fi Ìdànrè sọ orí rẹ̀. Láti 2007 sì ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò láti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ọ̀nà kan náà tí ń gbé àlejò wá ni ó ń gbé kòkó lọ, òun ni ó sì ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá kan: omi. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sí orí òkè ni ó ń sáré wá sí ìsàlẹ̀. Bí gọ́tà bá mọ́, omi á bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá da ilẹ̀ ilé rẹ̀ sínú gọ́tà, omi á gba orí ọ̀dà, á jẹ ẹ̀bá rẹ̀, á sì gbẹ́ ihò sí i. Lọ́jọ́ tí aláboyún bá ń rọbí lóru, ihò yẹn lè dá ọkọ̀ dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó ni ọ̀nà. Àwọn baba wa fi ilé sílẹ̀ lórí òkè nítorí ohun rere tí ọ̀nà lè mú wá. Ẹni tí ó ba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti sọ ẹkún àwọn ará ìjọ́un di asán.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí àwọn ará Ìdànrè àtijọ́ fẹ́ràn orí òkè?
2. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: "odi di ẹrù."
3. Èéṣe tí omi fi ń ba ọ̀nà ẹsẹ̀ àpáta jẹ́ ju ọ̀nà mìíràn lọ?
4. Kọ àròkọ lórí ọ̀nà kan ní àdúgbò rẹ: ohun tí ó mú wá, àti ohun tí ó mú lọ.