Iṣu Láàárín Àpáta Méjì: Ẹ̀kọ́ Nípa Àwọn Ará Nẹ̀pál

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí ní Trade Fair, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò jẹ́rìí pé ayé fẹ̀. Ní ọdún 1977 ni a ṣí ọgbà ńlá náà lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Àgbádárìgì, kí àwọn orílẹ̀-èdè lè máa kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá pàtẹ níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún FESTAC, tí a sì tìtorí wọn kọ́ Fẹ́sítáàkì, ìlú tí ó múlé ti ọgbà náà. Lónìí, àwọn oníṣòwò aṣọ, bàtà, ìpara àti ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n kún ibẹ̀.

Bí ènìyàn bá kúrò ní Trade Fair, tí ó gba títì náà lọ síwájú, kò ní í pẹ́ dé Ọ̀jọ́, níbi tí bárékè ńlá àwọn sójà wà. Ẹ̀ka iṣẹ́ ogun Nàìjíríà tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Èkó ni à ń pè ní 81 Division. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí nọ́ńbà yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe pé a ka ẹ̀ka iṣẹ́ ogun wa títí a fi dé orí 81. Láti Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni nọ́ńbà náà ti bá wa wálé. Ní ọdún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ sí ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì, 81 àti 82, wọ́n sì kó wọn gba orí òkun lọ bá àwọn ará Jàpáànì jà. Ní ibi ogun yẹn ni àwọn baba wa ti bá àwọn ọmọ Nẹ̀pál pàdé. Nípa àwọn ará Nẹ̀pál yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí.

BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE MỌ̀ WỌ́N

Láti inú 81 Division ni a ti yọ ọ̀wọ́ ọmọ ogun kan tí ó jẹ́ kìkì ọmọ Nàìjíríà, tí a fi wọ́n kún àwọn Chindit, èyíinì ni àwọn tí Ọ̀gágun Wingate rán wọ inú igbó lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tá. Àwọn Gurkha, ọmọ Nẹ̀pál, wà nínú wọn pẹ̀lú. Ènìyàn tí kò ga púpọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn le bí òkúta, wọn kì í sì í rìn láìfi kukri há ìbàdí, ọ̀bẹ ńlá kan tí ojú rẹ̀ tẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn Gurkha àti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà ojú irin tí àwọn ará Jàpáànì fi ń kó oúnjẹ àti ọta kọjá. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní White City, Ìlú Funfun, nítorí àwọn páráṣúùtì tí ó há sórí igi káàkiri níbi tí bàálù ti ń ju ẹrù sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà dé láti bá wọn di ibẹ̀ mú. Ọ̀tá kọlù wọ́n ní òru léraléra, ṣùgbọ́n wọn kò rí ibẹ̀ gbà, títí àwọn fúnra wọn fi kó kúrò ní oṣù karùn-ún. Ọmọ àgbẹ̀ láti ilẹ̀ wa àti ọmọ àgbẹ̀ láti orí òkè Nẹ̀pál jọ mu omi inú kòtò kan náà, nínú ogun tí kò sí ẹni tí ó bi èyíkéyìí nínú wọn léèrè kí a tó dá a sílẹ̀.

ILẸ̀ WỌN

Nẹ̀pál kò ní etíkun. Ṣáínà wà ní àríwá rẹ̀. Íńdíà yí i ká ní ìhà mẹ́ta yòókù. Ilẹ̀ Nàìjíríà fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ bí mílíọ̀nù 29. Kathmandu ni olú-ìlú wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ilẹ̀ náà pín sí. Tarai ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà gúúsù. Ó gbóná, ìrẹsì sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òkè àárín, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti gé ara òkè bí àtẹ̀gùn kí omi òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń gbin ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà mìíràn sí orí àtẹ̀gùn náà. Ní òkè pátápátá ni Himalaya, níbi tí yìnyín kì í tán. Nínú òkè 14 tí ó ga ju 8,000 mítà lọ ní ayé, 8 ni ó wà ní Nẹ̀pál tàbí ní ẹnu ààlà rẹ̀. Èyí tí ó ga jùlọ ni Everest, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Sagarmatha. Gíga rẹ̀ jẹ́ 8,848 mítà àti díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè, tí ó ju 600 lọ, tí ó sì jókòó mí lọ́nà, lè fi ojú inú wo irú òkè bẹ́ẹ̀. Tenzing Norgay, tí í ṣe Sherpa, àti Edmund Hillary, ará New Zealand, ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó dé ṣóńṣó rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1953.

BÍ ÌLÚ PÚPỌ̀ ṢE DI Ọ̀KAN

Láyé àtijọ́, ọba kéékèèké ni ó pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìlú Yorùbá ti ní ọba tiwọn. Ní ọdún 1743, Prithvi Narayan Shah jọba ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Gorkha. Ó ṣẹ́gun àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba Kathmandu ní 1768, ó sì so gbogbo wọn pọ̀. Lára orúkọ ìlú Gorkha ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fa Gurkha yọ; kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan. Magar, Gurung, Rai àti Limbu ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà.

Ọba yìí mọ̀ pé ìlú òun kéré. Ó fi í wé iṣu tí ó hù láàárín àpáta méjì, Ṣáínà ní apá kan, àwọn alágbára Íńdíà ní apá kejì. Àgbẹ̀ tí ó ti wa iṣu ní ilẹ̀ olókùúta mọ ohun tí ó ń sọ: bí àpáta bá sún díẹ̀, iṣu fọ́. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Láti 1814 sí 1816, Nẹ̀pál bá Ilé-iṣẹ́ Òwò Gẹ̀ẹ́sì ti Íńdíà jagun. Gẹ̀ẹ́sì borí, wọ́n sì gba apá ńlá kan nínú ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ Nẹ̀pál di ìlú amọ́nà tiwọn. Akíkanjú tí wọ́n rí lójú ogun mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ọ̀tá wọn síṣẹ́ ológun láti 1815. Ní 1923, Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé pé orílẹ̀-èdè olómìnira ni Nẹ̀pál.

Òmìnira ilẹ̀ kò túmọ̀ sí òmìnira mẹ̀kúnnù. Láti 1846 títí di 1951, ìdílé kan tí ń jẹ́ Rana gba agbára lọ́wọ́ ọba, wọ́n ń jẹ oyè olórí ìjọba bí ogún. Ilé-ìwé ṣọ̀wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣubú, nínú 100 ènìyàn, àwọn tí ó mọ̀wé kò tó 10. Òfin 1854 to àwọn ènìyàn ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ìran wọn. Àwọn tí a fi sí ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fa omi níbi tí àwọn ti òkè ti ń fà á. Òfin titun ti 1963 mú ìpele náà kúrò, òfin ìpìlẹ̀ ti 2015 sì kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n àṣà burúkú kì í tètè kú bí òfin ti í kú.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún mẹ́wàá, láti 1996 sí 2006, wọ́n fi òpin sí ìjọba ọba ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2008. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí nítorí ìwà ìbàjẹ́ jáde sí ìgboro. Ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò, ìjọba sì wó. Sushila Karki, adájọ́ àgbà nígbà kan rí, di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí ìjọba níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí adelé. Nǹkan rere kan ti yípadà ná: ní 2021, ènìyàn 76 nínú 100 ni ó mọ̀wé.

ÀṢÀ TÍ Ó JỌ TIWA

Èdè 124 ni ìkànìyàn 2021 rí ní Nẹ̀pál. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni ó pọ̀ jù. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, Mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn Kirat àti Kristẹni wà pẹ̀lú. Àwọn Sherpa sábà máa ń fi ọjọ́ tí a bí ọmọ sọ ọ́ lórúkọ: Dawa ni ti ọjọ́ Ajé, Pasang ni ti ọjọ́ Ẹtì, Nima ni ti ọjọ́ Àìkú. Àwa tí a ní Abíọ́dún àti Abíọ́nà kò ní í rẹ́rìn-ín wọn. Nígbà ọdún Dashain, ọmọ tí ó wà lájò ń padà sílé; àgbà a fi ìrẹsì tí a pò mọ́ wàrà àti àwọ̀ pupa lẹ̀ ẹ́ níwájú orí, a sì súre fún un.

Àwọn àgbẹ̀ wọn ní parma: lónìí, gbogbo wa lọ sí oko rẹ; lọ́la, a wá sí tèmi. Kí ni èyí bí kò ṣe àáró? Àwọn Newar ti àfonífojì Kathmandu ní ẹgbẹ́ guthi, tí ń sin òkú ara wọn, tí ń ṣe ọdún pọ̀, tí ń tọ́jú tẹ́ńpìlì.

Èyí tí yóò dùn mọ́ àwọn oníṣòwò wa jù ni dhikuti ti àwọn Thakali. Àwọn ènìyàn yìí ń gbé lẹ́bàá odò kan tí ó la Himalaya kọjá. Nígbà kan rí, ọ̀nà wọn ni a fi ń kó iyọ̀ bọ̀ láti Tibet, tí a sì fi ń kó ọkà lọ. Ẹni tí kò ní owó tí ó tó láti ra ẹrù á wọ dhikuti: olúkúlùkù dá iye kan náà, ẹnìkan kó o, ó kan ẹlòmíràn, títí gbogbo wọn fi kó. Orúkọ rere ni ohun ìdúró. Èésú ni, kì í ṣe ohun mìíràn. Nígbà tí òwò iyọ̀ náà bàjẹ́, àwọn Thakali sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú ńlá, wọ́n ń ṣe òwò, wọ́n ń ta oúnjẹ. Wọ́n kó èésú wọn dání. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò ọjà Balógun ṣe ṣí lọ sí Trade Fair. Ìsọ̀ lè kúrò níbìkan. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni a gbọ́dọ̀ kó dání.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ Ó LỌ SÍ ÀJÒ

Iṣu náà kò fọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń tú lọ. Láti 1815 ni wọ́n ti ń bá ẹlòmíràn jagun. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1944, ní Mogaung ní Bọ́mà, ọ̀tá yìnbọn pa àwọn ẹlẹgbẹ́ Tul Bahadur Pun tàbí kí wọ́n ṣá wọn lọ́gbẹ́. Òun nìkan gbé ìbọn, ó sáré la ẹrẹ̀ já, ó sì gba ibi tí ọ̀tá fi ṣe odi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross, èyí tí ó ga jùlọ. Nígbà tí ó darúgbó tí ó sì fẹ́ lọ gbé ní Ìlú Ọba, wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ náà kò tó. Ariwo ta, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà ní 2007. Ní 2009 ni wọ́n tó fún àwọn Gurkha àtijọ́ tí ó sìn fún ọdún mẹ́rin, ó kéré tán, ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Bọ́mà. Síbẹ̀, owó-oṣù sójà adúláwọ̀ kò tó ti aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Nẹ̀pál ń lọ ṣiṣẹ́ ní Qatar, Saudi Arabia àti Malaysia. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tó bí ìdá mẹ́rin gbogbo owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà. Ó ń kọ́lé, ó ń rán ọmọ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nínú abúlé mìíràn lórí òkè, àwọn arúgbó, obìnrin àti ọmọdé ni ó kù láti ro oko, àwọn ọmọ mìíràn sì ń padà wálé nínú pósí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí Nẹ̀pál fi kọ́ wa ni pé pípa ilẹ̀ mọ́ kò tó. Ó yẹ kí ilẹ̀ náà lè bọ́ ọmọ tí ó bí. Ibi tí ìjọba kò dé, àáró àti èésú ni ó gbé wọn ró. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó Ń KÀWÉ PỌ̀

1. Kí ni ìdí tí ọba Gorkha fi pe ìlú rẹ̀ ní iṣu láàárín àpáta méjì?
2. Ọ̀nà wo ni dhikuti fi jọ èésú tí ẹ ń dá ní abúlé yín?
3. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú ìdílé yín tí ó jagun ní Bọ́mà? Kí ni wọ́n sọ fún yín nípa àwọn tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó di ìgbàgbé.