Ṣé Kípà Ló Yẹ Kéèyàn Kọ́kọ́ Mú?

Ọ̀rọ̀ draft Fantasy Premier League ti fẹ́ di ìjà láàárín àwa ọmọ SS2. Àwa 8 la wà nínú líìgì náà, a sì ti fẹnu kò pé ẹni tó bá gbẹ́yìn ní oṣù May ni yóò gbá kíláàsì fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ti ń lérí pé David Raya, kípà Arsenal, làwọn máa kọ́kọ́ mú. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n (ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú), draft yàtọ̀ sí Fantasy tí gbogbo ayé ń ṣe. Kò sówó níbẹ̀. Tí o bá ti mú Haaland, kò sẹ́lòmíì tó tún lè mú un nínú líìgì yín. A ó máa mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kẹ́yìn ní ìpele kìíní ni yóò ṣáájú ní ìpele kejì, nítorí náà ẹni tó mú àkọ́kọ́ kò ní tún mú títí á fi di ìkẹrìndínlógún. Kípà 2, ẹ̀yìn 5, àárín 5, iwájú 3 ni kálukú máa ní.

Ó yá, ẹ ṣírò. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú Premier League, kípà kan ló sì ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí àwa 8 bá mú 2-2, 16 nìyẹn, ó ṣì ku 4 nílẹ̀! Ti iwájú ńkọ́? 8 lọ́nà 3 jẹ́ 24, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í lò ju atamátàsé kan lọ. Kò lè kárí.

Scarcity tí wọ́n kọ́ wa ní Economics gan-an nìyí. Ẹ wo ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn: kó tó di aago mẹ́wàá, ìkòkò ti gbẹ. Búrẹ́dì Agége ńkọ́? Títí alẹ́ lẹ máa rí i rà. Ta ló wá máa to ìlà búrẹ́dì kó tó lọ gba ẹ̀wà?

Raya dára, mi ò jiyàn. Ní sáà 2024/25, òun àti Matz Sels ti Nottingham Forest ni wọ́n jọ gba ìbọ̀wọ́ wúrà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ni bọ́ọ̀lù kò wọ àwọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n Jordan Pickford ti Everton ṣe é nígbà 12. Pọ́ìntì 4 ni wọ́n ń fún kípà fún irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé 4 péré ni Raya fi jù ú lọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Arsenal ṣe ipò kejì, Everton ṣe ìkẹtàlá o! Nǹkan míì tún wà: bí kípà bá gbá bọ́ọ̀lù 3 dànù tàbí tó mú wọn, pọ́ìntì 1 ni. Kípà ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fìyà jẹ á máa rí bọ́ọ̀lù mú bí ẹni ń ká ọsàn.

Ní sáà kan náà, Mohamed Salah jẹ gólì 29, Bryan Mbeumo jẹ 20. Àárín ni Fantasy ka àwọn méjèèjì sí, gólì kan sì jẹ́ pọ́ìntì 5. Pọ́ìntì 45 ni Salah fi jù ú lọ lórí gólì nìkan. Ohun tó yẹ ká máa wò ni àlàfo tó wà láàárín ẹni tí o mú àti ẹni tó máa ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn yìí náà nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, lórí quarterback, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù. Nínú Fantasy tiwọn, ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀ dìgbà tó bá yá. Àmọ́ nínú draft gidi ti NFL, wọ́n ń já a gbà ni: ní 2024, quarterback ni 6 nínú 12 àkọ́kọ́. Olumuyiwa Fashanu, tiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo quarterback, ni ìkọkànlá, New York Jets ló mú un. Ẹgbẹ́ 32 ló ń wá quarterback gidi, wọn ò sì tó 32. Kípà tiwa kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ò ní mú kípà kó tó di ìpele kẹwàá, àyàfi tí mo bá rí i pé gbogbo yín ti ń sáré mú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ Raya ní àkọ́kọ́, kó mú un, ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.