Kí Ẹ Tó Gún Ajá ní Abẹ́rẹ́ Ìkẹyìn

Ẹ̀yin dókítà ẹranko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àkókó, ẹ kò ní pẹ́ níbẹ̀ kí ẹnìkan tó pè yín láti Ìpè tàbí Ọ̀kà pé, “Dókítà, ẹ dákun ẹ wá wo ajá mi, ìyà tó ń jẹ ẹ́ ti pọ̀ jù.” Ohun tó ń béèrè, tí kò lè là á lẹ́nu, ni pé ṣé ó ti tó kí ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jí mọ́. Bí ẹ ó ṣe dá a lóhùn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àìsàn ọ̀hún kò gbóògùn. Ajá tí eégbọn kó àìsàn ràn, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, lè dà bí òkú lónìí kó sì máa jẹun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bó bá tètè rí ìtọ́jú. Kókó tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú abẹ, tí ajá máa ń kó ran ara wọn nígbà gígùn, ń ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, sábà máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má fi ìkánjú pa ohun tí oògùn lè wò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ṣẹ́ ajá léegun ẹ̀yìn, tàbí tí kíndìnrín arúgbó ajá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má ta oògùn ìrètí fún alájá.

Àwọn kan á sọ fún yín pé, “Dókítà, ikú yá ju ẹ̀sín.” Ẹ rọra dá wọn lóhùn pé ọmọ ènìyàn ni ẹ̀sín ń mú. Ajá tó ń tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ pé ojú ń ti onílé níwájú àlejò. Ìrora ló mọ̀. Bí kò bá sí ìrora, tó ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń jurù, ẹ ní kí wọ́n máa tẹ́ àpò fún un.

Báwo la ṣe ń wọn ìyà ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀? Ní 2004, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, to nǹkan méje kalẹ̀: ìrora, oúnjẹ, omi, ìmọ́tótó, ìdùnnú, ìrìn, àti bóyá ọjọ́ tó dára ṣì pọ̀ ju ọjọ́ tó burú lọ. Máàkì 10 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ bá ju 35 lọ, ó ṣì yẹ kí a máa tọ́jú ẹranko náà lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n ẹ bá alájá sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdẹ, ẹ bi í pé, “Bàbá, bí ẹ bá mú ìbọn lára ògiri, tí ṣaworo bá dún, kí ló ń ṣe?” Ajá ọdẹ tó tiro á ṣì gbìyànjú láti dìde. Èyí tó bá kàn yí ojú wò, tó tún gbé orí padà sílẹ̀, ti sọ nǹkan fún wa. Ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Bó bá ń ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ara kò balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí alájá fi efun fa ìlà kan sára ògiri fún ọjọ́ tó bá dára, kó fi èédú fa ti ọjọ́ tó bá burú. Òun fúnra rẹ̀ ni kó fà á. Bí èédú bá ti ń borí efun, tó bá wá bi yín pé, “Bó bá jẹ́ tiyín ńkọ́?”, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ má ní “ọwọ́ yín ló wà” kí ẹ gbé àpò yín kí ẹ máa lọ.

Ti dìgbòlugi yàtọ̀. Ajá tó bu ènìyàn jẹ tí ara rẹ̀ ṣì dá, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Kí ẹni tó bù jẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì kọrí sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí àmì bá ti hàn lára ajá, kò sí pé à ń ka ọjọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún un lórí, nítorí inú ọpọlọ ni àwọn oníwàádìí, bí àwọn ti Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, ti máa ń wá àìsàn náà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ ìkẹyìn náà, ẹ kọ́kọ́ fún ajá ní oògùn oorun. Ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ fún àwọn ará ilé pé ojú rẹ̀ kò ní pa dé, pé ó lè mí kanlẹ̀ tàbí kó tọ̀ lẹ́yìn tó bá ti kú. Ẹ gbọ́ àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, kí ẹ fọwọ́ kan ẹyinjú rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ó ti lọ.

Ní ilẹ̀ wa yìí, ẹran Ògún ni ajá, àwọn kan sì ń jẹ ẹ́. Aládùúgbò kan á ní ẹ má fi ẹran ṣòfò. Pentobarbital, oògùn inú abẹ́rẹ́ ìkẹyìn náà, kì í jóná nínú ìkòkò, igún tó bá jẹ ẹ́ pàápàá lè kú. Ẹ wa ilẹ̀ jìn, ẹ kó òkúta lé e, Àkókó kò kúkú ṣaláìní òkúta. Ẹ dúró títí erùpẹ̀ á fi bò ó.

Bó bá pẹ́ díẹ̀, alájá á tún pè yín: “Dókítà, ṣé n kò kánjú?” Ẹ ní kó lọ wo ògiri. Ìdí tí mo fi ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà nìyẹn. Ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ ló máa gbà gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà tó ti gbowó.