Oòrùn Ìlú Ọba Kì í Tètè Wọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ lo sọ́mà yín àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba, ẹ sún mọ́ mi kí oṣù Kẹfà tó wọlé.

Ìmọ́lẹ̀ ló tan èmi jẹ lọ́dún tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Nílé, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún n'Ìbàdàn kò fi wákàtí kan gbáko ju èyí tó kúrú jù lọ. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ara ti mọ̀ pé iṣẹ́ tán nìyẹn. Níbí, nínú oṣù Kẹfà, ilẹ̀ á ti mọ́ kí agogo márùn-ún ìdájí tó lù, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ á sì kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán ni mo ń ṣe nígbà náà, nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá jáde lálẹ́ tí mo ṣì rí oòrùn lókè, ọkàn mi á ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, n ó bá tún gba iṣẹ́ alẹ́ kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo kọ orúkọ ìyá arúgbó kan sí oògùn ẹlòmíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó tún ìwé náà yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé oògùn mì. Bí mo bá rántí títí dòní, àyà mi ṣì ń já.

Ọjọ́ ló gùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Agbára yín ò gùn sí i.

Bàbá mi ò kàwé, àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ níhìn-ín tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá oòrùn lò tó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdájí la ti ń dé oko. Igi tó fẹ́ gígé, igbó tó fẹ́ ṣíṣán, àárọ̀ la ń kojú wọn, torí kùtùkùtù kì í jíni lẹ́ẹ̀mejì. Bí oòrùn bá kan àtàrí, abẹ́ igi la wà. A ò sùn síbẹ̀ o: à ń pọ́n àdá, à ń tún èèkù ọkọ́ ṣe, à ń ṣa ẹ̀gúsí. Ìrọ̀lẹ́ la tún ń padà sídìí igbó. Ẹnikẹ́ni ò pe bàbá mi ní ọ̀lẹ rí. Oko rẹ̀ ń jẹ́rìí.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìṣirò tó le, ìwé tó ń fẹ́ àròjinlẹ̀, ẹ parí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi èsì lẹ́tà àti títo fáìlì sí agogo méjì, nígbà tí ooru bá ti mú orí wúwo. Àwọn tó kọ́ ilé ìlú yìí, òtútù ni wọ́n ń sá fún. Ilé náà kì í fẹ́ kí ooru jáde. Lọ́jọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2022, ooru dé ìwọ̀n 40.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Coningsby, irú rẹ̀ ò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Ìlú Ọba. Nílé a máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Níbí, bí ìta bá gbóná ju inú ilé lọ, ẹ tì í, kí ẹ fa kọ́tìnì bo ọwọ́ tí oòrùn wà. Ẹ ṣí i lálẹ́.

Òfin wọn kò dá ìwọ̀n ooru kan tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, nítorí náà ẹnu yín lẹ máa lò. Mo mọ̀ pé a tọ́ yín kí ẹ má máa ráhùn níwájú àgbà. Bíbéèrè fàn kì í ṣe ìráhùn. Bíbéèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tètè wọlé, kí ẹ sì tètè jáde, kì í ṣe àfojúdi.

Kí ẹ sì gba ìsinmi yín! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 28 lọ́dún, owó rẹ̀ á sì máa wọlé. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa ló ń jẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyí ṣòfò, wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Oògùn tí a bá gbé mì ju ìwọ̀n lọ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ tètè béèrè oṣù Kẹjọ, torí iléèwé ń gba ìsinmi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bímọ, ẹ gba tiyín ní oṣù Kẹfà tàbí Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀gá ò sí, fóònù ò dún. Ìgbà náà ni mo ka ìwé tó gbé mi kúrò nídìí iṣẹ́ alẹ́.

Ní ti òde àríyá, ẹ má ra gbogbo aṣọ ẹbí. Ọjọ́ Ajé ń dúró de ẹni tó jó mọ́jú Àìkú.

Ẹ wá ra kọ́tìnì tó nípọn, kí ìmọ́lẹ̀ má baà tàn yín jẹ. Tèmi ṣì wà. Bí ẹ bá kọjá níwájú ilé mi lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó rí i pé mo ti fà á, bí àwọn ọmọdé bá tilẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ kí ẹ tó kanlẹ̀kùn. Lágogo márùn-ún, omi tíì ti wà lórí iná.