Kí Ni Ó Wà Nínú Ìwé SIWES Rẹ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ní ọdún 1973 ni àjọ ITF dá ètò SIWES sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kí ó tó gboyè. Ilé-iṣẹ́ epo pupa Òkìtìpupa kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, á kọ ohun tí kò ṣe sínú ìwé, á sì bẹ ẹnì kan kí ó bá òun lu òǹtẹ̀. Níwájú agbanisíṣẹ́ ni àṣírí ń tú: "Kí lo fi ń ṣan bùrẹ́ẹ̀tì kí o tó da ásíìdì sínú rẹ̀?" Ó dákẹ́. (Ásíìdì yẹn kan náà ni.)

Nínú Súúrà Al-Qasas, ohun méjì ni ọmọbìnrin nì rí lára Ànábì Mùsá tí ó fi ní kí bàbá òun gbà á síṣẹ́: agbára àti ìfọkàntán. Ìwé èké ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí àkókò SIWES ti kọjá fún ṣì ní ọdún àgùnbánirọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó máa kọ́ ọmọ níwèé, kí ó ṣí yàrá sáyẹ́ǹsì tí eruku ti bò, kí ó máa yẹ omi kànga àdúgbò wò, kí ó kọ ọjọ́ àti èsì sílẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ó gbé lọ wáṣẹ́.