Ààrò Mẹ́ta àti Tábìlì Kékeré

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ọmọ tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ dáná rí kò ní béèrè ìtumọ̀ òwe yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní fi àlàyé rẹ̀ dá yín dúró. Ohun tí ó mú un wá sí mi lẹ́nu ni tábìlì kékeré kan tí mo rí níbi ìkómọjáde kan ní Ìbàdàn, èyí tí baálé ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí ó sì gbé síwájú àlejò tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò kanlẹ̀, tí wọ́n ká ìwé ìròyìn sí i nídìí, tí bàbá àgbà kan sì ṣèèṣì fi ìgbọ̀nwọ́ kàn, tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò fi dà sí agbádá òfì rẹ̀ lára.

Inú bí mi, kì í sì í ṣe sí igi náà, nítorí ìrókò gidi ni, olúwéré, àgbà igi tí ikán ń wò tí kò lè jẹ, tí ọkùnrin náà fi owó gọbọi rà ní ọjà pákó Bódìjà. Ìgbéraga ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó bí mi nínú. Ta ni ó sọ fún wa pé tábìlì tí kò bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin kò pé? Ilẹ̀ ilé wa, sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà fi ọwọ́ tẹ́, ń gòkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Ibi yòówù tí a bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí, gbogbo wọn ni yóò kanlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti di mẹ́rin, ọ̀kan yóò fẹ́ gùn, ọ̀kan yóò fẹ́ kúrú, onílé yóò sì gbé ayùn, yóò gé ti ọ̀tún lónìí, yóò rí i lọ́la pé ti òsì ni ó gùn, títí tábìlì tí ó yẹ kí a máa gbé ife lé yóò fi di àpótí ìjókòó ìyá alákàrà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe irú rẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ wá pákó tí ó ti gbẹ, ìbáà ṣe ìrókò, ìbáà ṣe ọmọ, igi tí àwọn agbẹ́lù fi ń gbẹ́ ìlù. Ẹ sá fún pákó tútù, nítorí bí ọyẹ́ bá dé, igi a máa súnkì ní ìbú, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá ní gígùn, ẹni tí ó bá sì fi ìṣó kan igi ìdábùú mọ́ abẹ́ ojú tábìlì pinpin, ojú tábìlì rẹ̀ lè là kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Síkírúù ni kí ẹ lò, kí ihò rẹ̀ lára igi ìdábùú sì gùn díẹ̀, kí pákó lè rí àyè sún. Ẹ gé ojú rẹ̀ ní róbótó, kí ó fẹ̀ tó íǹṣì 18, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ mẹ́ta bọ̀ ọ́ nídìí.

Ibí ni mo ti ń bá òwe náà fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn àgbà. Ìkòkò ọbẹ̀ wúwo, àárín ààrò ni ìwúwo rẹ̀ ń tẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tí ń fara tì í. Ṣùgbọ́n tábìlì kékeré fúyẹ́, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn a máa rọ̀ mọ́ etí rẹ̀, àlejò a sì máa tẹ̀ ẹ́ dìde. Bí ẹ bá to ẹsẹ̀ mẹ́ta sí etí tábìlì yìí, tí ẹ fa ìlà láti ìdí ẹsẹ̀ kan dé ìdí èkejì, ìlà náà kò jìnnà sí àárín ju íǹṣì 4 àbọ̀ lọ, ohunkóhun tí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ gidigidi lẹ́yìn ìlà náà yóò dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, yóò lé ní íǹṣì 6. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì lóòótọ́, ṣíṣubú ni tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yà síta, ó ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá yà jù, gbogbo ẹni tí ń kọjá ni yóò máa fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ilé tí kò bá sí ọmọ wẹ́wẹ́, kí wọ́n ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ilé tí ó bá kún fún ọmọ, kí wọ́n fi mẹ́rin sí i, n óò gbójú fo ìgbéraga rẹ̀, bí wọ́n bá lè gé e bí ó ti yẹ: kí wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ pálọ̀ gan-an níbi tí yóò máa dúró sí, kí wọ́n fi èépá pákó há abẹ́ ẹsẹ̀ tí ó kúrú títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́ dọ́gba, kí wọ́n gbé pẹ́ńsùlù lé orí pákó pẹlẹbẹ kan tí ó nípọn ju èépá náà lọ, kí wọ́n fi í fa ìlà yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kí wọ́n tó wá mú ayùn, kí wọ́n sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré.